Ta Ni Àgbà Tó Pa Àlọ́ Thawb àti Rub?

Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn Dókítà Corinne Aldersgate ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Ó tóbi, ó ń ró ṣaworoṣaworo, ó sì ní ìtàn. Ẹni tó bá ṣèèṣì yìn ín, kí onítọ̀hún yáa wá àga jókòó, nítorí ìtàn ìlẹ̀kẹ̀ náà gba ìlú mẹ́ta kọjá kó tó dé ọrùn tó wà.

Gaosheng Khang kò yìn ín. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń kọ́ kíláàsì karùn-ún nílé-ìwé yìí, ní ìlà-oòrùn ìlú Saint Paul ní Minnesota, ó sì ti rí oríṣiríṣi olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ń rán wá. Ẹnìkan wá kọ́ wọn bí a ṣe ń mí. Ẹnìkan wá kọ́ wọn bí a ṣe ń to àga kó lè rí bí òṣùpá. Dókítà Corinne ní tirẹ̀ wá ràn wọ́n lọ́wọ́ kí ìwé gbogbo ẹ̀yà lè wọ kíláàsì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè bá ara rẹ̀ pàdé nínú ohun tó ń kà. Iṣẹ́ tó dára ni. Gaosheng fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un láti ọjọ́ tó ti dé. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú kò ju pé, nígbà tí iṣẹ́ náà máa dé, ó wọ ìlẹ̀kẹ̀ wá.

Fáìlì aláwọ̀ búlúù kan tó wúwo bíi bíríkì ni Dókítà gbé ka orí tábìlì. Àlọ́ méjìlá ló wà nínú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà méjìlá, ọ̀kan fún ẹ̀yà kan. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀dà rẹ̀ máa dé gbogbo kíláàsì karùn-ún tó wà nílùú. Kó tó di ìgbà náà, olùkọ́ kan láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé tó wà lẹ́yìn: Mo ti kà á, tiwa ni. Ti àwọn Hmong, ẹ̀yà tí ìran wọn ti orílẹ̀-èdè Laos wá, já lé Gaosheng léjìká. Òun nìkan ni Hmong tó wà nínú ìgbìmọ̀ olùkọ́ tó ń yẹ fáìlì náà wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń gbọ́ èdè náà nílé.

Ọ̀rọ̀ náà sì kàn án ju bẹ́ẹ̀ lọ. Odidi ọdún méjì ló fi jókòó ti ìyá rẹ̀, Youa Lor, tó ń kọ àlọ́ kan sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀: àlọ́ ọmọ òrukàn kan tó ń fi ewé sétè fọn, tí ọmọbìnrin odò sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó kọ ọ́ lédè méjì, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ. Èsì wọn kò ju ìlà kan: A dúpẹ́, Hmong ti ní àlọ́ tiwọn nínú fáìlì. Àga kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan sì ti jókòó lé ti Hmong. Gaosheng fẹ́ mọ ẹni náà.

Dókítà Corinne di ojú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà. Ó tún là á, nítorí kò mọ àlọ́ náà lórí.

Ó ní láyé àtijọ́, lórí òkè kan tí ìkùukùu ń sùn sí, inú ihò àpáta ni òjò ń gbé, ilẹ̀kùn òkúta sì dí i mọ́bẹ̀. Ọkùnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Thóòbù, ìta ló ń dúró sí. Àbúrò ń jẹ́ Rọ́bù, inú ló wà. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀dá wá dá, àgbàdo gbẹ, ìrẹsì gbẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń dá agbára lo, ilẹ̀kùn kò mì. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì lo agbára pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ilẹ̀kùn ṣí, tí òjò rọ̀.

Olùkọ́ kan nu ojú rẹ̀. Verna Haugland, tó ti ń tọ́jú ilé ìkàwé wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi káàdì yá ìwé, fi kọfí ra ọ̀fun, ó ní, "Ó yàtọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ní Minnesota. Bí àlejò bá tọ́ oúnjẹ rẹ wò tó ní ó yàtọ̀, má wulẹ̀ bù kún un.

Gaosheng mọ̀ pé ohun kan ń họ òun nínú àlọ́ náà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó jẹ́ títí fáìlì fi kàn án, tó fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe kọ orúkọ méjèèjì. Kì í ṣe Thóòbù. Kì í ṣe Rọ́bù. Thawb ni, àti Rub. Bí a bá ń kọ èdè Hmong, b tó gbẹ́yìn ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń pè. Àmì ohùn òkè ni. Ẹni tó bá pè é dà bí ẹni tó ń ka àmì orí ọ̀rọ̀ síta. Ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ kò fi dá wọn mọ̀. Ojú rẹ̀ ló dá wọn mọ̀, nítorí kò sí ọmọ Hmong kan ní Saint Paul tí kò tíì rí wọn rí. Ara ilẹ̀kùn ni wọ́n wà, nílé ìwòsàn, nínú ọjà àwọn Hmong, ní ọ́fíìsì ìjọba: THAWB lára ìta, RUB lára inú.

Tì. Fà.

Ó rọra pa fáìlì dé. Ẹnìkan ti jókòó síbì kan hun irọ́, ó sì ti lọ yá orúkọ lára ilẹ̀kùn. Bó ti ń wo ìlẹ̀kẹ̀ Dókítà Corinne báyìí, ó dá a lójú pé òun mọ ẹni náà.

Ó bá a nínú yàrá àwọn olùkọ́. Kéèkì ṣokoléètì kan ló ṣẹ́kù nínú àwo. Ní ìlú yìí, ẹnikẹ́ni kì í mú èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n á gé e sí méjì, wọ́n á mú ìdajì, ẹni tó tẹ̀ lé wọn á tún gé ìdajì náà. Ó ti kéré bí èékánná. Dókítà Corinne, tó ti Boston wá, jù ú sẹ́nu.

"Dókítà, àlọ́ àwa Hmong yẹn," Gaosheng ní. "Ta ló pa á fún yín?"

"Corinne. Ṣáà máa pè mí ní Corinne." Bẹ́ẹ̀ Dókítà ni wọ́n kọ sára ife tó fi ń mu kọfí.

"Ẹ ṣeun. Ta ló pa á?"

"Àgbà kan ni."

"Àgbà wo?"

"Ní ìlà-oòrùn ìlú yìí náà ni. Bàbá bàbá kan. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ẹlẹgẹ́ ni, Gaosheng. Mi ò kì í dárúkọ wọn."

"Èdè wo ni bàbá fi bá yín sọ ọ́?"

Dókítà Corinne fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀. "Àwọn nǹkan kan wà tó ju èdè lọ."

"Kí wá ni Thawb túmọ̀ sí?"

"Mo kọ ọ́ síbì kan. Màá wò ó fún ẹ. Ṣé o ti fọwọ́ sí i?"

"Mo ṣì ń kà á."

"Ojú ewé méjì mà ni."

"Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń kàwé."

Lọ́jọ́ Àìkú, ó mú àlọ́ náà lọ sílé ìyá rẹ̀. Youa Lor ń gún ìbẹ́pẹ tútù nínú odó, pẹ̀lú ata tó lè mú òkú sín. Gaosheng ń túmọ̀ fún un bó ti ń kà. Nígbà tó dé orí orúkọ, ọmọ odó dúró.

"Ta ló sọ ọmọ ẹ̀ ní Tì?" ìyá bi í. "Àbúrò ẹ̀ ń jẹ́ Fà? Ọmọ kẹta wọn ńkọ́, Ẹ Fi Bàtà Yín Síta?"

"Màmá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Eléyìí ni wọ́n fẹ́ fún gbogbo ọmọ wa pé tiwa ni. Tiyín wá wà nílẹ̀."

"Ẹni tó kọ ọ́ ṣáà gbọ́n. Ẹnìkan ń tì láti ìta, ẹnìkan ń fà láti inú. Ilẹ̀kùn ò ní ṣàì ṣí." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún. "Ó jọ ìwọ."

"Kí ló jọ èmi?"

"Nígbà tí mo lóyún àbúrò ẹ, tí mò ń mú ẹ dání lọ sílé ìwòsàn, o ò kí ń jẹ́ ká ráyè wọlé. Wàá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wàá máa kí ilẹ̀kùn. 'Thawb, ṣé dáadáa lo jí? Rub ńkọ́?' Nọ́ọ̀sì á wá máa wò mí bíi pé kí n mú ẹ lọ síbòmíì."

"Gbogbo ọmọ Hmong ló ka ilẹ̀kùn yẹn, Màmá."

"Gbogbo wọn kọ́ ló ń kí i."

Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde. Ẹni tó ń lé olè kì í wẹ̀yìn. Gaosheng ti to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kàn: bí ìgbìmọ̀ bá jókòó lọ́jọ́bọ̀, òun yóò dìde, òun yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi Dókítà ní ìtumọ̀ orúkọ méjèèjì, òun yóò sì jókòó padà. Àga tí òun máa jókòó lé pàápàá, ó ti yàn án. Ó ti dán ẹ̀rín músẹ́ tí òun máa rín wò nínú dígí ọkọ̀ rẹ̀, ó sì yẹ ẹ́.

Ẹ̀rí ló kù. Lọ́jọ́rú, ó lọ bá Verna nílé ìkàwé.

"Verna, ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni Dókítà yá lọ́dọ̀ yín?"

"A ò kí ń sọ ohun tẹ́nìkan yá fún ẹlòmíì," Verna ní. "Òfin iṣẹ́ wa ni." Ó fi kọfí ra ọ̀fun. "Àmọ́ èyí tó dá padà láàárọ̀ yìí ló wà lórí tábìlì yẹn. Mi ò tíì gbé e padà sáyè ẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ìwé pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àmì ìdí ife kọfí sì wà lára rẹ̀. Àlọ́ Ilé Wa, Láti Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Kíláàsì Kẹta. Ó ti pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Inú Gaosheng dùn bí inú ológbò tó rí ìrù eku lábẹ́ àpótí. Àgbà wo? Inú ìwé ọmọdé ni obìnrin yìí ti jí i. Ó ṣí i lọ sí ojú ewé tí wọ́n ṣẹ́ létí.

Àwòrán òkè kan wà lókè, tí wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn kọjá ìlà. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́: Thawb àti Rub. Láti ọwọ́ Gaosheng K., ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá bàbá mi ló pa á fún mi.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà g yẹn, tí ìrù rẹ̀ yí sí òdìkejì, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì ń kọ ọ́ sójú pátákó títí di àná.

Nígbà náà ló wá rántí. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni, nígbà tí òun náà wà ní kíláàsì kẹta nílé-ìwé yìí: ẹ bi àgbà kan nílé yín, kó pa àlọ́ fún yín. Bàbá rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń gé ẹran sínú páálí. Ìyá rẹ̀ ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì àwọn ẹlòmíràn. Bàbá bàbá rẹ̀ ti kú ní Laos kí wọ́n tó bí i. Nínú ilé náà, pẹ̀lú àbúrò tó ń sunkún, àgbà tó wà níbẹ̀ kò ju òun náà lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, tíṣà á sì gba iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Ó wá òkè, ó wá òjò, ó ku orúkọ. Ọ̀rọ̀ Hmong méjì péré ló mọ̀ ọ́n kọ láyé rẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n fún un ní ìràwọ̀ wúrà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí kiri.

Ohun tí Dókítà ń fi pamọ́ náà wá hàn. Kò jókòó lẹ́sẹ̀ àgbà kankan rí. Ó ṣí ìwé ọmọdé nínú ilé ìkàwé tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó rí "bàbá bàbá mi" níbẹ̀, ó sì rọra yọ "mi" kúrò.

"Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́," Verna sọ láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀. "Mi ò rí ojú ewé tó o ṣí."

Gaosheng mọ̀ pé bó bá jẹ́ Verna ni, ìwé náà lè ṣìnà sẹ́yìn àpótí títí ayé. Ó lè fọwọ́ sí fáìlì kó panu mọ́. Ó lè bi ìbéèrè rẹ̀, kó jókòó, kí Dókítà nìkan jẹ ìyà ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń fi àgbà tí kò sí yangàn kò ní lè sọ pé ìwé ọmọdé lòun ti rí i. Ọ̀nà kẹta wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gún ibẹ̀ pọ̀. Ó fi ìwé náà sínú báàgì.

Lọ́jọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ jókòó nínú ilé ìkàwé náà. Desmond Tolliver, ọ̀gá ilé-ìwé, ló wà lórí àga, ọkùnrin tó máa ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín kí inú má baà bí ẹnikẹ́ni. Wọ́n pe àwọn òbí náà. Youa Lor wá pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù tó dé kókósẹ̀, ó gbé ike ìrẹsì sórí itan, nítorí kò mọ bí èèyàn ṣe ń lọ sípàdé lọ́wọ́ òfo.

Gaosheng dìde. Ohùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bó ti ṣètò rẹ̀. "Dókítà, kí lorúkọ àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí túmọ̀ sí?"

"Ìbéèrè tó dáa gan-an ni." Dókítà Corinne di ojú rẹ̀. "Thóòbù, òkè tó ń ní sùúrù. Rọ́bù, òjò tó ń dárí jini."

Lẹ́yìn yàrá, àwọn òbí Hmong mẹ́ta tẹ orí ba, èjìká wọn sì ń gbọ̀n. Gẹ̀ẹ́sì Youa Lor kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún eléyìí. Ó fa ọrùn ẹ̀wù bo ẹnu.

Ibi tí Gaosheng ti pinnu láti jókòó nìyẹn. Àga náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò ku nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n Dókítà ti gbọ́ ẹ̀rín náà, kò mọ ohun tó fà á, ó sì ti di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Gaosheng mọ ojú yẹn. Ojú ọmọ tí kò rí àgbà bi nílé ni, tí tíṣà á sì gba iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la.

"Ó túmọ̀ sí Tì," ó ní. "Rub túmọ̀ sí Fà. Ara ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ni mo ti rí wọn." Ó yọ ìwé pẹlẹbẹ náà. "Àgbà tó pa á rèé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Mo purọ́ mọ́ bàbá bàbá mi. Mi ò rí i rí."

Ọ̀gbẹ́ni Tolliver yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. "Ṣé ọ̀rọ̀ tó wà lára ilẹ̀kùn iwájú wa?"

"Òun náà ni, sà."

"Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń wò ó," ó ní. "Mo rò pé orúkọ ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn ni."

Àwọ̀ padà sójú Dókítà Corinne díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn fún ogún ọdún kì í pẹ́ nílẹ̀. "Ìyẹn ni pé ọmọ Hmong ló kọ ọ́," ó ní. "Tiwọn ṣì ni."

"Tèmi ni," Gaosheng ní. "Kì í ṣe tiwa. Tiwa wà nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Màmá mi ló pa á."

Ọ̀gbẹ́ni Tolliver wo aago rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Má bínú o, Gaosheng. Bàbá bàbá lo sọ pé ó pa ti àkọ́kọ́. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé màmá ló pa eléyìí?"

Gaosheng rí i tí ojú gbogbo yàrá yí kúrò lára Dókítà, tó sì bọ́ sára òun, ojú kan náà tí òun ti fi ń wo ìlẹ̀kẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Kí ló wí?" ìyá rẹ̀ bi í lédè wọn.

"Ó ní ṣé kì í ṣe ara ilẹ̀kùn ni mo ti rí tiyín náà."

Youa Lor gbé ike ìrẹsì sílẹ̀. "Sọ fún un kó jókòó dáadáa. Màá pa àlọ́ náà fún un. Bó bá rí ilẹ̀kùn kankan nínú ẹ̀, kó tì í."

Gaosheng túmọ̀ ìdajì.

Ìyá pa á lójókòó, láìdi ojú. Gaosheng dúró tì í, ó ń gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ ọ́n dénú; ọdún méjì kì í ṣe ọjọ́ méjì. Ọmọ òrukàn kúrò nílé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó dé etí odò. Ó já ewé. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti fi gbólóhùn kan kún un tí Gaosheng kò gbọ́ rí, tí kò sí nínú ìwé tó tẹ̀, tí kò sí lórí rẹ́kọ́ọ̀dù kankan: "Kò ní àgbà kankan nílé tó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọn ọ́n, ó wá fọn ọ́n bó ṣe yé e, àwọn tó wà lódò sì gbọ́."

Gaosheng wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo ìwé tó wà lórí àpótí ọ̀ọ́kán, bí ẹni tó ń ka orúkọ wọn.

Ó túmọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àlọ́ parí, Verna kò sọ pé ó yàtọ̀. Ife kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mu ún. Ọ̀gbẹ́ni Tolliver ní kí àwọn tó gbà kó rọ́pò ti àkọ́kọ́ na ọwọ́ sókè, ìlẹ̀kẹ̀ Dókítà Corinne ló sì kọ́kọ́ ró, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ sókè. Wọ́n gbé ìwé ìfọwọ́sí ẹ̀yìn fáìlì fún Gaosheng. Níbi tí wọ́n kọ Ẹni Tó Pa Á sí, kò kọ àgbà. Ó kọ Youa Lor, ó kọ ọjọ́, ó kọ ilé ìkàwé, ó sì kọ orúkọ àwọn mẹ́rìnlá tó gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má baà wá bi í.

Ní ti gbólóhùn tí ìyá rẹ̀ fi kún un, ó kọ ọ́ sínú àlọ́ náà pẹ̀lú ọwọ́. Kò tíì bi ìyá rẹ̀ pé bàbá bàbá ta ló sọ ọ́.